Kọntirólà Tí Mo Bá Àbúrò Mi Yàn

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni àbúrò mi obìnrin nígbà tó sọ fún wa pé DJ lòun fẹ́ ṣe. Ìdí oúnjẹ àárọ̀ la wà nílé mi ní Basin, nílùú Ìlọrin, èmi, òun àti ìyàwó mi. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọrọ àyè. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé iyọ̀ ti tán. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí tíì tó ń mu fi gba ọ̀nà òdì lọ́fun rẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo bi í ní ìbéèrè bí mo ṣe ń bi àwọn ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́ mi: ta ló fẹ́ kọ́ ọ, níbo, ta ló sì fẹ́ pè ọ́ sóde?

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ti ń ṣe láti ohun tó lé ní ogún ọdún. Òun, tíṣà ni. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ti kógbá sílé, ó sì ti lé ní ọdún kan tó ti wà lọ́dọ̀ wa. Mo ti bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó lẹ́nu níbi ètò ẹ̀kọ́, mo ti jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ bí ẹni tó wá tọrọ báárà, kí wọ́n tó fún àbúrò mi ní ìwé ìgbanisíṣẹ́. Abúlé kan lọ́nà Kàyámà ni wọ́n gbé e lọ. Ìwé náà wà lórí fíríìjì, ó ti ń gba eruku, àbúrò mi kò sì fọwọ́ sí i.

Ó dáhùn ìbéèrè mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní àwọn ìdílé kan wà ní àárín ìlú tí ọkùnrin àti obìnrin kì í jókòó pọ̀ níbi wòlíìmà, ayẹyẹ ìgbéyàwó wọn. Àwọn obìnrin á wà nínú gbọ̀ngàn tiwọn, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á ṣí hìjáàbù, wọ́n á jó. Ọkùnrin kankan kò gbọdọ̀ yọjú, títí kan ẹni tó ń gbé orin sí i. Fláàṣì ni wọ́n máa ń kì bọ ìdí sípíkà, orin á sì máa jáde bó ṣe wù ú.

Ó ní, “Obìnrin méjì péré ni mo mọ̀ tó ń ṣe é ní gbogbo Ìlọrin, wọn ò sì rójú sinmi.”

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gàmbàrí, tí àbúrò mi ti kọ́ àbígbẹ̀yìn rẹ̀ rí, fẹ́ fa àkọ́bí rẹ̀ fún ọkọ ní oṣù méjì sí i. Ó ti sọ fún un pé, “Lọ kọ́ ọ, kóo wá ṣe é. Ọmọ mi ni kóo fi dán ara rẹ wò.”

Ibi tí àbúrò mi ń darí ọ̀rọ̀ lọ nìyẹn. Ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, “Bùrọ̀dá mi, ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ni kí ẹ fún mi. Bí mo bá ṣe é tó dáa, ẹ má mẹ́nu ba iṣẹ́ tíṣà yẹn fún mi mọ́. Bí kò bá dáa, màá kó ẹrù mi, màá lọ sí abúlé yẹn. Mi ò ní kùn.”

Mo gbà. Ìyàwó mi ṣe ẹlẹ́rìí.

Kí n sọ òótọ́ ohun tó wà lọ́kàn mi: ojú ń tì mí ni. Kò sí ìdí mìíràn tó dára ju ìyẹn lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti gbọ́ fìn-ín-fìn-ín, ó ti bi mí ní gbangba bóyá èmi ni màá máa gbé sípíkà tẹ̀lé àbúrò mi kiri. Mo sì ń ro ojú tí màá fi wo ọ̀gá tí mo bẹ̀, bó bá gbọ́ pé ìwé tí òun bá mi wá ń gba eruku nítorí orin.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a lọ ra ohun èlò ní agbègbè Post Office. Ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ti ṣe DJ fún ọdún púpọ̀ rí la wọ̀. Sípíkà ti pa etí rẹ̀ òsì kú, ìdí nìyẹn tó fi fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ tó ń ta ohun èlò rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bí ẹni ń pe ará òdìkejì odò ló ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ó bi mí pé ta ló fẹ́ kọ́ ọ nínú àwa méjèèjì. Mo fi ọwọ́ hàn án. Ó wo àbúrò mi láti orí dé ẹsẹ̀.

“Ṣé kì í ṣe ẹ̀rọ ìlọta lẹ ń wá? Ọ̀tún yín lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń tà á.”

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó fẹ́ rajà.

Bí a ṣe ń ṣe nílé wa, bí ẹ̀gbọ́n bá mú àbúrò lọ ra nǹkan ńlá, ẹ̀gbọ́n ló ń sọ̀rọ̀. Àbúrò á dúró sẹ́yìn díẹ̀, á sì sọ tẹnu rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló ní kó rí bẹ́ẹ̀. Ó ní bí òun obìnrin bá lanu béèrè, wọ́n á bu iye lé e, wọ́n á sì máa ṣàlàyé fún òun bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Nítorí náà, èmi ni ọkùnrin náà ń wò. Gbogbo ohun tí àbúrò mi mọ̀, ẹnu mi ló ń gbà jáde: “Ó ní ṣé ó bá kọ̀ǹpútà rẹ̀ mu? Ó ní àwo rẹ̀ ńkọ́, ṣé kì í yọ̀ lọ́wọ́?”

Ọkùnrin náà mọ ohun tó ń tà, kò sì sí ẹ̀tàn nínú àlàyé rẹ̀. Ó ní kí a má wo àwọn ràgàjì tó wà lókè tí wọ́n lè da orin mẹ́rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. “Ta ló ń gbé tírélà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ mọ́tò?” Ó ní kọntirólà kékeré ló yẹ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀: pátákó pẹlẹbẹ kan tó ní àwo méjì tí a ń fi ọwọ́ yí, àti ọ̀pá kékeré láàárín tí a ń tì láti orin kan bọ́ sí èkejì. Inú kọ̀ǹpútà ni orin fúnra rẹ̀ wà. Ó gbé méjì kalẹ̀ fún wa. Ọ̀kan jẹ́ àlòkù láti òkè òkun. Lẹ́tà ti pa rẹ́ lára bọ́tìnnì rẹ̀, ara rẹ̀ sì kún fún àpá. Èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí ni. Iná pupa àti iná búlúù ń yí po lábẹ́ àwo rẹ̀ bí ìgbà tí ọmọdé ń ṣọdún. Iye méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ó ní kí àbúrò mi fọwọ́ kan èyí àlòkù. Bóyá ó fẹ́ tún rẹ́rìn-ín ni. Àbúrò mi fi hẹ́dífóònù sí etí kan, ó fi orin kan sílẹ̀ kó máa lọ nínú sípíkà, ó ń gbọ́ èkejì ní etí ara rẹ̀, ó ń fi ìka yí àwo díẹ̀díẹ̀. Ó wá ti ọ̀pá àárín yẹn. Orin kejì bọ́ sínú àkọ́kọ́ láìsí ìkọsẹ̀.

Ọkùnrin náà gbé etí rẹ̀ ọ̀tún súnmọ́ sípíkà. “Ta ló kọ́ ẹ?”

“Fóònù ni mo fi ń wò ó.”

“Etí ẹ dáa,” ó ní. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi, ó tún un sọ fún mi, bíi pé mi ò gbọ́: “Etí ẹ̀ dáa.”

Àbúrò mi jáde lọ gba owó ní báńkì tó wà ní òdìkejì ọ̀nà. Ó kù èmi àti ọkùnrin náà. Ó fa àga mọ́ mi.

“Ọ̀gá, ẹ gbọ́. Èyí tó ń tanná yẹn, nǹkan ìṣeré ni. Kò ní ihò hẹ́dífóònù. Ohun tó bá ṣí ni gbogbo èrò máa gbọ́. DJ tí kò lè yẹ orin wò ní etí ara rẹ̀ kó tó tú u síta, ọjọ́ kan á jọ́kan, ojú á tì í láàárín àwùjọ. Àlòkù yìí ni kó mú. Ẹ̀yin lẹ ó bá mi sọ fún un, torí mo rí i bó ṣe ń wo iná yẹn.”

Ó pariwo débi pé mo wo ẹnu ọ̀nà. Àbúrò mi ṣì wà lórí ìlà lọ́hùn-ún, ó kẹ̀yìn sí wa. Mo ní mo ti gbọ́.

Nígbà tó dé, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí mi létí. “Bùrọ̀dá mi, èwo lẹ rò pé kí n mú? Kí ni wọ́n wí?”

Mo ní, “Mú tuntun. Ṣé èyí tó ti sú àwọn òyìnbó lo fẹ́ gbé síwájú àwọn àlàájà?”

Ọkùnrin náà gbójú sókè. Ó la ẹnu. Mo ní, “A ti sọ ọ́ tán. Ẹ bá wa dì í.” Ó fa páálí sọ́dọ̀. Èmi ni ẹ̀gbọ́n, kò sì ní já mi nírọ́ níwájú àbúrò mi. Ohun tí mo gbójú lé nìyẹn.

Owó àbúrò mi kò tó, mo fi kún un. Ó kúnlẹ̀ sí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà láti dúpẹ́, obìnrin ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo ní kó dìde, kó má fi aṣọ gbálẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló rí i. Ó yí pátákó náà síwá sẹ́yìn, ó fi ìka wá gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó wá bá mi ní pálọ̀. Ó ní òun ò rí ibi tí hẹ́dífóònù ń wọ̀, ṣé ọkùnrin náà sọ nǹkan kan nípa rẹ̀?

Mo ní, “Ó ní àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kì í lò ó.”

Ó gbà mí gbọ́. Kí ló máa jẹ́ kó má gbà mí gbọ́?

Mo rò pé yóò sú u kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Kò sú u. Ó ronú ọgbọ́n kan fúnra rẹ̀. Ó kó gbogbo orin inú kọ̀ǹpútà sínú fóònù rẹ̀ pẹ̀lú. Bí orin kan bá ń lọ nínú sípíkà, á ti íàpíìsì bọ etí kan, á wá èyí tó kàn lórí fóònù, á gbọ́ ọ dáadáa, lẹ́yìn náà ni á tó ṣí irú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Orin tí wọ́n ń fà wá láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í sábà jẹ́ orúkọ tí wọ́n kọ sí i. Ọ̀pọ̀ ló ń jẹ́ orúkọ kan náà, ipò tí wọ́n wà lórí fóònù ló fi ń dá wọn mọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Fóònù yẹn ni ojú rẹ̀, òun náà ni etí rẹ̀.

Lójoojúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó ń ṣe é ní àgbàlá. Aránṣọ tó kọjú sí wa ní òdìkejì ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá òun bẹ àbúrò mi, kó jẹ́ kí orin kan parí rí láyé yìí. Ìyàwó mi ní, “Kí ni orin ọ̀hún fi ṣe é tó fi ń bẹ́ ẹ lórí báyìí?” Àbúrò mi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Á kàn dín ohùn sípíkà kù, á sì tẹ̀ síwájú.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo bá ìyàwó mi níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ó ní, “Ọmọ yìí mà mọ̀ ọ́n.” Mo wọlé, mo sì gbé ìwé ìgbanisíṣẹ́ yẹn kúrò lórí fíríìjì. Mo nu eruku ara rẹ̀, mo dá a padà síbẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni ayẹyẹ náà bọ́ sí, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Èmi ni mo fi mọ́tò gbé e lọ sí Gàmbàrí. Ó wọ aṣọ gígùn, ó fi gèlè bo gbogbo irun rẹ̀. Ó sọ fún mi lójú ọ̀nà pé òun ò jẹun láti àárọ̀. Ó ní ẹnìkan tún ti bá òun sọ ti oṣù tó ń bọ̀, tó bá ti ti èyí bọ̀, àwọn á jọ sọ ọ́ yanjú. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń sọ̀rọ̀ nígbà tí mo ń wá ibi tí màá páàkì sí.

Mo gbé sípíkà dé ẹnu géètì, ibi tí ọkùnrin lè dé mọ. Ìyá àgbàlagbà kan jókòó síbẹ̀ lórí àpótí, ó fi àpò ìrẹsì síwájú, ó ń gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń wọlé. Ó ń lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn lẹ́yìn, ó sì ń fún wọn ní ẹ̀dà. Lọ́dún tó kọjá, ẹnìkan ya àwọn obìnrin níbi irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀ láìsí ìbòrí, àwòrán náà sì dé ojú fóònù àwọn ọkọ wọn. Láti ìgbà náà, kò sí fóònù tó ń wọlé.

Àbúrò mi ò mọ̀. Ní tèmi, mo ti kọ ìròyìn nípa rẹ̀ rí. Kí n má parọ́, kò sí lọ́kàn mi títí a fi dé ẹnu géètì yẹn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí àpò yẹn, mo mọ ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀.

Ìyá náà na ọwọ́. Àbúrò mi ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, òun ni mo fi ń ṣiṣẹ́.”

“Gbogbo wọn náà ló ń fi ṣiṣẹ́. Èyí tó ya àwọn ọmọ wa lọ́jọ́sí, iṣẹ́ náà ló ní òun ń fi ṣe.”

“Mi ò ní ya nǹkan kan. Etí ni mo fi ń gbọ́ ọ.”

Ìyá náà yíjú sí mi. “Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyí? Bàbá, ẹ̀yin lẹ dàgbà. Ṣé òótọ́ ló ń sọ?”

Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ pé òótọ́ ni, á jẹ́ kó mú un wọlé. Ojú ìyá náà fi hàn bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi ò wo ìyá náà mọ́, èmi ló ń wò. Ó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún mi bó ṣe fi í sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Mo ní, “Ìyá, ohun tí ẹ bá ní kó ṣe ni kó ṣe.”

Ó fi fóònù rẹ̀ sínú àpò ìrẹsì. Ó gba nọ́ńbà. Ó gbé pátákó rẹ̀ mọ́yà, ó wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn yẹn, mi ò rí i. Mo gbọ́ díẹ̀ láti ìta, mo sì gbọ́ ìyókù lẹ́nu àwọn tó wà níbẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo lọ bẹ̀ wọ́n wò bí ẹni tó wá tọrọ àforíjì fún àbúrò rẹ̀, mo sì ń bi wọ́n léèrè. Ìwà iṣẹ́ mi ni.

Ìyá ẹnu géètì ní, “Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa o. Èmi gan-an dìde jó, kí n má sì parọ́ mọ́ ọn. Nǹkan bíi wákàtí kan, àlùbáríkà ni.”

Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí ìyàwó jókòó nítòsí tábìlì rẹ̀. Òun ló rí ohun tó pọ̀ jù. Ó ní, “Ó ti to orin rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ń tẹ̀ lé e bó ṣe tò ó. Ìgbà tí àwọn àna dé lójijì ni wọ́n ní kó gbé orin àdúrà tí wọ́n fẹ́ fi wọlé. Mo rí i tó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí kò sí nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ló na ọwọ́ síbẹ̀. Ó wá ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Orin mẹ́ta ló ń jẹ́ orúkọ kan náà, mo rí i. Wọ́n ń pariwo mọ́ ọn pé kó yá, kó yá. Ó mú ọ̀kan.”

Mo gbọ́ èyí tó mú. Ẹ̀gbẹ́ mọ́tò mi ni mo wà, pẹ̀lú àwọn ọkọ àti àwọn awakọ̀ tó ń dúró de àwọn obìnrin wọn. Ìyá ọkọ ń wọlé lọ́wọ́, wọ́n tẹ́ ẹní fún un. Orin ìgboro kan ló bú jáde nínú sípíkà, ọkùnrin kan ń ka ohun tó máa fi obìnrin ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì fi ọ̀kankan bò.

Gbogbo wa ní ìta la gbọ́ ọ. Awakọ̀ kan ní, “Ṣé ibẹ̀ yẹn náà ni wọ́n ní ká má wọ̀?” Wọ́n ń gbá ara wọn lẹ́yìn. Èmi náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé àbúrò mi ni.

Nọ́ọ̀sì yẹn ní, “Dípò kó pa á, òdìkejì ló ti nǹkan àárín yẹn sí, orin méjì wá ń dún pọ̀. Ó ṣí òmíràn, kò tún jọ ọ́. Ìyá ọkọ dúró sórí ẹní yẹn, kò jókòó, kò padà. Ó wá bi ìyá ìyàwó léèrè pé, ‘Àlàájà, ṣé orin tí ẹ fi tọ́ ìyàwó wa nìyí?’”

Ìyá ìyàwó, tó jẹ́ òun ló ní kí àbúrò mi lọ kọ́ ọ, gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló tún un sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ̀: “Mo ní, ‘Ẹ má bínú, ẹ̀yin àna wa. Kì í ṣe ọmọ wa. Àánú rẹ̀ ló ṣe wá la fi pè é.’ Kí lẹ fẹ́ kí n wí? Ọmọ mi ni wọ́n ń mú lọ.”

Wọ́n yọ wáyà sípíkà. Ìyá àgbà kan pàtẹ́wọ́, ó dá wákà sílẹ̀, gbogbo ilé gbè é. Mo gbọ́ ọ láti ìta, ó sì dùn. Nọ́ọ̀sì ní, “Ká má tàn yín, ibẹ̀ gan-an ni wòlíìmà ti bẹ̀rẹ̀. A tiẹ̀ gbàgbé pé ó ṣì wà níbẹ̀.”

Ó wà níbẹ̀ títí wọ́n fi túká. Kò sí ọ̀nà mìíràn tó lè gbà jáde ju àárín àwọn tó ń jó lọ, kò sì lè gbé pátákó yẹn mọ́yà kọjá níwájú wọn. Ó jókòó tì í. Ẹnìkan gbé àwo ìrẹsì tó ti jẹ lé pátákó náà lórí, bí ẹni gbé e lé tábìlì. Iná pupa àti iná búlúù yẹn ṣì ń yí po.

Nínú mọ́tò, nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Basin, ó ní,

“Bùrọ̀dá mi, ká ní ẹ bá mi dá sí i lẹ́nu géètì.”

Mo ní, “Ká ní o mọ ohun tí ò ń ṣe, ṣé wàá nílò fóònù?”

Ó ronú sí i. Mo rí i pé ó ń ronú sí i lóòótọ́, kò wá àwáwí. Ó ní, “Òótọ́ ni.” Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní kí n má bínú pé òun dójú tì mí.

Ọ̀rọ̀ náà lọ ká àárín ìlú láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó fẹ́ pè é ní oṣù tó tẹ̀ lé e kò gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Ìyá tó ń ta aṣọ sọ fún mi pé, bóyá òun náà jẹ̀bi, òun gbé iṣẹ́ lé ẹni tí kò tíì tó o. Ó wá ní, “Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ẹ má jẹ́ kó tún lọ ba tẹlòmíràn jẹ́.” Mo ní mi ò ní jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Kò kùn, bó ṣe sọ. Ó fọwọ́ sí ìwé, ó kó ẹrù. Ọ̀gá tí mo bẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo tọ́ àbúrò mi sọ́nà. Lọ́jọ́ tí àbúrò mi máa lọ, ìyàwó mi sọkún lé e lọ́rùn nínú gáréèjì, títí tí awakọ̀ fi ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa lọ. Àbúrò mi wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní nínú gbogbo ẹbí, èmi nìkan ni mo dúró ti òun, tí mo tiẹ̀ fowó kún tòun. Mo ní kò tọ́pẹ́.

Ó ti pé ọdún mẹ́ta. Ó ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Ilé kan ṣoṣo tó rí gbà níbẹ̀ ni yàrá kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò, iná mànàmáná sì ń dé bó bá wù ú. Ó máa ń pè wá ní ọjọ́ Àìkú, tó bá rí ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a ra pátákó náà, kò tún bi mí mọ́ bóyá ọkùnrin ẹlẹ́tí kan yẹn sọ ohunkóhun fún mi lọ́jọ́ náà.

Ní ìparí táàmù tó kọjá, ó sọ fún mi lórí fóònù pé wọ́n ra sípíkà fún ilé ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀gá wọn ń wá ẹni tó máa kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń lo orin fún ìdánilárayá. Ó ní wọ́n bi òun, òun sì ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn.

Mo bi í pé kí ló dé.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Bùrọ̀dá mi, èmi ò ní etí orin. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” mo wí.

Ó ní kí n bá òun kí ìyàwó mi.